Maria Goeppert Mayer: Onímọ̀ tí Èrò Rẹ̀ Ṣáájú Irinṣẹ́ Ìgbà Rẹ̀

Ìfáárà

Maria Goeppert Mayer ni obìnrin kejì tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì. Marie Curie ni ó ṣáájú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí kókó inú átọ́ọ̀mù ni ó mú ẹ̀bùn náà wá. Ṣùgbọ́n èrò kan wà tí ó ti gbé kalẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, tí ó fi ọgbọ̀n ọdún dúró de irinṣẹ́ tí yóò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, ọdún 1906 ni a bí i ní Kattowitz, ìlú tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, tí ó sì ti di ti Poland. Ọmọ kan ṣoṣo ni. Ní 1910, bàbá rẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtọ́jú àwọn ọmọdé ní Yunifásítì Göttingen. Òun sì ni ìran kẹfà tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìdílé náà. Maria wọ yunifásítì yìí ní 1924 láti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Max Born fà á wọ inú físíìsì.

Èrò Fótọ́ònù Méjì

Ní 1930 ni ó gba oyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní kíkún ní 1931. Ohun tí ó hàn sí àwọn onímọ̀ nígbà náà ni pé fótọ́ònù, ìyẹn ẹyọ agbára ìmọ́lẹ̀, kọ̀ọ̀kan ni átọ́ọ̀mù ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Maria fi ìṣirò hàn pé fótọ́ònù méjì lè pa agbára pọ̀ láti ṣe ohun tí ọ̀kan kò lè dá ṣe. Ọwọ́ kan kò kúkú gbé igbá dé orí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ gbé e ní ìṣẹ́jú akàn kan náà, irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn tàbí ti àtùpà. Ìmọ́lẹ̀ tí ó lágbára gidigidi ni ó nílò, kò sì sí èyí nígbà náà.

Ọgbọ̀n Ọdún Láìsí Ipò

Ní 1930 kan náà ni ó fẹ́ Joseph Mayer, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì lọ sí Johns Hopkins ní Baltimore. Òfin tí kò fàyè gba kí yunifásítì gba tọkọtaya síṣẹ́ dí i lọ́nà. Kò rí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n gbà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Columbia ní 1939, wọ́n fún un ní yàrá iṣẹ́ láìsí owó oṣù. Ní 1941 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Sarah Lawrence gbà á síṣẹ́ olùkọ́ tí ó lówó nínú, tí kì í sì í ṣe ti ojoojúmọ́. Láti 1946, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Chicago, ṣùgbọ́n yunifásítì náà kò sanwó fún un. Ilé ìwádìí Argonne ni ó ń san díẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé bí àwọn ohun inú kókó átọ́ọ̀mù ṣe tò ní ìpele-ìpele. Hans Jensen náà dé ibi èrò kan náà ní Jámánì, wọ́n sì jọ kọ ìwé ní 1955.

Ní 1960, Yunifásítì California ní San Diego fún un ní ipò ọ̀jọ̀gbọ́n pẹ̀lú owó oṣù kíkún. Kò pẹ́ sí i ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òun, Jensen àti Eugene Wigner ni wọ́n pín ẹ̀bùn Nobel ti 1963. Ó kú ní ọjọ́ 20, oṣù Kejì, ọdún 1972.

Ìmúṣẹ Èrò Rẹ̀

Ní 1960 tí ó rí ipò gbà ni Theodore Maiman ṣe lésà àkọ́kọ́. Ní ọdún 1961, Kaiser àti Garrett fi lésà rí ohun tí Maria ti fi ìṣirò sọ. Ní 1965, Voronov àti Delone fi lésà yọ ẹlẹ́kítíróònù kúrò lára átọ́ọ̀mù xenon, iṣẹ́ tí ó gba fótọ́ònù méje. Nígbà tí ó di 1987, àwọn onímọ̀ rí i ní Chicago, lẹ́yìn náà ní Saclay ní ilẹ̀ Faransé, pé bí lésà alágbára bá wọ inú gáàsì, ìmọ́lẹ̀ tuntun a máa jáde, tí agbára fótọ́ònù rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, márùn-ún, méje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti lésà náà. Ìlọ́po mẹ́sàn-án lésà tí ìgbì rẹ̀ gùn tó 800 nanometer jẹ́ nǹkan bí 14 electron-volt. Átọ́ọ̀mù helium ń fẹ́ 24.6 kí ẹlẹ́kítíróònù kan tó kúrò lára rẹ̀. Fótọ́ònù kan kò tó, méjì tó. Pierre Agostini àti Anne L'Huillier, tí iṣẹ́ wọn dá lórí irú ìmọ́lẹ̀ yìí, wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2023.

Ìgúnlẹ̀

Orúkọ Maria ni àwọn onímọ̀ fi ń pe òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí fótọ́ònù méjì ṣe ń wọ ohun kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àìsanwó fún un kì í ṣe ohun ìyìn. Gbèsè ni ó jẹ́ lọ́rùn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà náà. Ohun tí ìgbé-ayé rẹ̀ fi kọ́ olùkọ́ ni pé iṣẹ́ tí a ṣe dáadáa lè ṣáájú irinṣẹ́ àti ipò, kí ó má sì tìtorí bẹ́ẹ̀ ṣègbé. Bí ó pẹ́ bí ó yá, akólòlò yóò pe baba.