Mallam Aminu Kano àti Owó Ìbò

Èmi tí mò ń kọ èyí, Sábọ́ngàrì ní Kano ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti gbọ́ orúkọ Mallam Aminu Kano kí n tó mọ orúkọ olóṣèlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ju pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe pápákọ̀ òfuurufú Kano lọ.

Ọdún 1920 ni wọ́n bí i, sí ìdílé Fúlàní tí wọ́n mọ òfin Ìsìláàmù dunjú. Bó bá fẹ́ jẹun jẹ́jẹ́, ọ̀nà ti là fún un. Ó kàwé ní Katsina, ó ṣe olùkọ́ ní Bauchi, òun àti Tafawa Balewa sì jọ lọ kàwé sí i ní London ní 1946. Nígbà tó padà dé, wọ́n fi í ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Maru, ní ilẹ̀ Sokoto. Ní 1950, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gbájú mọ́ NEPU, ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀.

Ẹ ro ó wò ná: owó oṣù tó dájú ló jù sílẹ̀ nítorí ẹgbẹ́ tí kò ní nǹkan kan lápò. NPC tí wọ́n ń bá du ipò ní àwọn ẹ́míà lẹ́yìn, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló sì pọ̀ nínú àwọn aṣáájú rẹ̀. Agbára, ilé ẹjọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọwọ́ wọn ni gbogbo rẹ̀ wà. Ní ti NEPU, télọ̀, alápatà àti aláròóbọ̀ ni ọmọ ẹgbẹ́. Ìwọ̀nba owó tí irú wọn lè dá ni ẹgbẹ́ gbójú lé. Tálákà ni Haúsá ń pè wọ́n, ọ̀rọ̀ tí àwa náà ti sọ di tiwa.

Àìlówó yìí jẹ ẹ́ níyà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ní ìbò 1951, NEPU kọ́kọ́ ń borí ní ìlú Kano, ṣùgbọ́n ìpele lórí ìpele ni ìdìbò náà, nígbà tó máa fi dé òkè, NPC ti gbà á. Ní 1954, Maitama Sule fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ nínú ìdíje sí ilé aṣòfin àpapọ̀. Ọdún 1959 ló tó wọlé. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko!

Ní 1979, ó du ipò ààrẹ lábẹ́ PRP. FEDECO kọ́kọ́ yọ ọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó orí, ilé ẹjọ́ ló dá a padà. Òfin ìgbà náà gbà kí ìjọba fún àwọn ẹgbẹ́ ní owó ìrànwọ́, ìyẹn sì ran irú ẹgbẹ́ bíi tirẹ̀ lọ́wọ́. Nínú àwọn márùn-ún tó du ipò náà, ó ṣe ìkẹrin pẹ̀lú ìbò tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n PRP gba ipò gómìnà ní Kano àti Kaduna, àwọn gómìnà méjèèjì sì fòpin sí owó orí tí àwọn tálákà ń san.

Lóde òní ńkọ́? Ní 2022, APC ta fọ́ọ̀mù ààrẹ ní mílíọ̀nù 100 náírà, PDP ta tirẹ̀ ní mílíọ̀nù 40. Fọ́ọ̀mù lásán o, a ò tíì sọ ti mọ́tò, fáànù àti pósítà. Òfin ìdìbò ọdún yẹn sì gbà kí olùdíje ipò ààrẹ ná tó bílíọ̀nù 5. Olùkọ́ tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Maru kò ní dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá sì dé ibẹ̀, owó ta ló fi dé ibẹ̀?

Ní 1983, ó tún fẹ́ du ipò ààrẹ, ó sì mú obìnrin Yorùbá kan, Bola Ogunbo, ṣe igbákejì. Ohun tí ẹlòmíràn kò tíì ṣe nígbà náà nìyẹn. Ikú kò jẹ́ kó dé ibi ìbò: 17 April 1983 ló kú sínú ilé rẹ̀ ní Gwammaja. Ilé náà, Mambayya House, ti di ibi ìwádìí nípa ìjọba àwaarawa lábẹ́ Yunifásítì Bayero. Ibojì rẹ̀ wà nínú ọgbà ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wọ ọkọ̀ lọ.