Awólọ́wọ̀ àti Ilé Tí Mẹ̀kúnnù Lè Gbé

Ìtàn Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni mo gbé wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, kí ló tún kù tí a kò tíì gbọ́ nípa Awo? Ìwé ọ̀fẹ́? A ti gbọ́. Tẹlifíṣọ̀n? A ti gbọ́. Ó dáa, ọ̀rọ̀ ilé ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi yà sí, nítorí pé ọ̀rọ̀ owó ilé kò yọ ẹnikẹ́ni nínú wa sílẹ̀, àti onílé, àti ayálégbé.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní Ìkẹ́nnẹ́. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ó sì tún máa ń la gẹdú. Ní ọdún 1920, ilẹ̀ gbígbóná pa bàbá yìí, ọmọ náà kò sì ju ọdún mọ́kànlá lọ. Bí ìyà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Abẹ́òkúta wa níbí ló sá wá kí ó lè kàwé. Kò ní bàbá tí yóò san owó ilé-ìwé, kò sì ní ilé tirẹ̀ tí yóò sùn sí. Ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn ló ń gbé, ó ń pọnmi, ó ń ṣẹ́gi, ó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ kí ó lè rí ibi forí pamọ́ sí, kí ó sì lè rí owó ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé ilé onílé rí, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń gbé ọ̀dọ̀ ènìyàn, etí rẹ̀ kì í sinmi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi.

Ní ọdún 1927 ó wọ Wesley College ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ó ṣe tíṣà ní Abẹ́òkúta, ó kọ́ iṣẹ́ títẹ̀wé, ó ṣiṣẹ́ ní Èkó, ó padà ṣe akọ̀wé ní Wesley College, ó ṣe oníròyìn, ó ra kòkó, ó tà á. Nínú gbogbo wàhálà yìí, kò fi ìwé sílẹ̀. Ní 1944 ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ amòfin, ó sì parí rẹ̀ ní 1946. Ó dá ìwé ìròyìn Tribune sílẹ̀ ní 1949. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Action Group sílẹ̀ ní 1951, wọ́n wọlé ìdìbò, nígbà tó sì di 1954, ọmọ ọ̀dọ̀ àná ti di Olórí Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí ọ̀rọ̀ ilé ṣe rí nígbà náà. Àwọn òyìnbó ìjọba ń gbé àdúgbò tiwọn, tí wọ́n ń pè ní GRA, ilé ńlá nínú ọgbà, títì wà níbẹ̀, iná àti omi wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tiwa tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba kan náà, yàrá kan péré ni ọ̀pọ̀ wọn ń háyà láàrin ìlú, ìyàwó àti ọmọ á sì há mọ́ ibẹ̀. Owó tí ènìyàn fi ń kọ́lé gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, nítorí pé báńkì kì í fẹ́ yá aláwọ̀ dúdú lówó. Ìdí nìyẹn tí ilé kan fi lè wà lórí ìpìlẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tí ewéko á bò ó.

Ní 1958 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣe òfin tó dá Àjọ Ilé Kíkọ́ ti Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn sílẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láàrin àwọn ẹkùn ilẹ̀ Nàìjíríà. Iṣẹ́ àjọ náà kò le láti yé ènìyàn. Yóò gba ilẹ̀, yóò la títì sí i, yóò gbẹ́ gọ́tà, yóò fa omi àti iná wọ ibẹ̀, kí ó tó kọ́lé. Ẹni tó bá fẹ́ ilé á kọ́kọ́ san owó ìdókòwò díẹ̀, á sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n tún ń yá àwọn ènìyàn lówó láti kọ́ tiwọn. Báyìí ni Bódìjà ṣe dìde ní Ìbàdàn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé, nọ́ọ̀sì àti tíṣà rí i pé ìjọba aláwọ̀ dúdú lè kọ́ àdúgbò tó dára bíi ti òyìnbó fún àwọn náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi oyin bo ọ̀rọ̀. Ta ló rí ilé Bódìjà gbà? Ẹni tó ń gba owó oṣù ni, tí iṣẹ́ rẹ̀ dájú, tí a lè máa yọ gbèsè lára owó rẹ̀. Ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú kò ní owó oṣù. Àgbẹ̀ Ọdẹ́dá kò ní owó oṣù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó kòkó tó ń jáde lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ló gbé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ró nígbà náà. Ẹni tó gbin kòkó kọ́ ló sùn sí Bódìjà. Ilé náà, ilé títà ni. Èyí tí mẹ̀kúnnù lè háyà ní owó pọ́ọ́kú kò tíì sí nínú ètò náà.

Ní Èkó, wọ́n dán ti ilé háyà wò. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tó pa ènìyàn ní Èkó, ìjọba dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928. Láti 1955 àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí wó àárín ìlú Èkó, ó ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Súrùlérè, ó sì ń gba owó ilé tí ìjọba ti bu díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ilé dára, afẹ́fẹ́ wà. Àmọ́ ọjà jìnnà, owó mọ́tò ń jẹ èrè, ẹbí tó ń gbé agbo ilé kan tẹ́lẹ̀ sì fọ́nká. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ o: bí owó ilé bá rọjú tí ibi iṣẹ́ jìnnà, mẹ̀kúnnù ṣì ń sanwó náà, ọ̀nà mìíràn ló fi ń san án.

Awólọ́wọ̀ fi ipò Olórí Ìjọba sílẹ̀ ní 1959, ó lọ sí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀. Ní 1963 wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ẹ lè ní ilé ìjọba tí wọn kì í gba owó rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ ẹ? Ọdún 1966 ni ó jáde. Nígbà tí ẹgbẹ́ UPN rẹ̀ wọlé ní 1979, Lateef Jákàńdè, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti bá a ṣiṣẹ́ ní Tribune, di Gómìnà Èkó. Láàrin 1979 sí 1983, ó kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé olówó pọ́ọ́kú kiri Èkó, láìsí ọ̀ṣọ́, láìsí àríyá. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àwọn ilé náà. Ohun tí ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ fún olówó oṣù, ọmọ iṣẹ́ gbìyànjú láti sún un sísàlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí owó rẹ̀ kéré.

Awo kú ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1987, ẹni ọdún 78. Kí ni èyí kàn wá ní Ọdẹ́dá? Ó kàn wá gan-an. Ìjọba Ògùn náà ní Àjọ Ilé Kíkọ́ tirẹ̀, a sì rí àdúgbò bíi Ìbarà àti Àsẹ́rò ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọ́ òkúta ní ilẹ̀ wa, òkúta tí wọ́n fi ń kọ́ ilé ẹlòmíràn, yàrá kan nínú face-me-I-face-you ló ń háyà. Láti 1988 tí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tó sì wá fìdí kalẹ̀ sí Àlàbàtà, ẹ ti rí bí ilé ṣe ń hù ní Camp àti Ìsòlú, bí owó ilé sì ṣe ń gòkè. Owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, owó ajẹ́ńtì lọ́tọ̀, owó àgírímẹ́ǹtì lọ́tọ̀. Níbo ni tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ti fẹ́ rí i?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti kọ́lé, mo bá yín yọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá lágbára, kí ó gba owó oṣù mẹ́ta mẹ́ta lọ́wọ́ tíṣà ọ̀dọ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìjọba, ẹ béèrè ilé háyà fún mẹ̀kúnnù, nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ọmọ tó ń pọnmi ní ilé onílé ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́un, ẹ rí ohun tó dà. Ọmọ tó wà ní yàrá kejì nínú ilé yín, ẹ kò mọ ohun tí yóò dà.