Robert Koch àti Kòkòrò Ikọ́ Ife

Ọ̀nà tí ó ti Ìlaròó lọ sí Ìdí-Ìrókò kì í sinmi. Ọ̀pọ̀ ará Ìlaròó àti Ayétòrò ni ó sì ní ẹbí ní Pobè àti Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Ibi tí ènìyàn bá rìn dé ni ikọ́ ife lè bá a dé, nítorí inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí ni ó ti ń ràn. Ìtàn ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ojú rí kòkòrò àrùn náà ni èyí.

A bí Robert Koch ní Clausthal, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọjọ́ 11 oṣù Dìsẹ́ḿbà, ọdún 1843. Nígbà tí ó di oníṣègùn, ó ń tọ́jú àwọn ará ìgbèríko ní Wollstein, ìlú kékeré kan tí ó wà ní ilẹ̀ Poland lónìí. Níbẹ̀ ni aya rẹ̀, Emmy, ti fún un ní awò tí í sọ ohun tín-ín-tín di ńlá. Bí ó bá ti tọ́jú aláìsàn tán, ìdí awò yìí ni í gbà lọ. Iṣẹ́ tí ó fi awò náà ṣe lórí àrùn ẹran ọ̀sìn ni ó gbé e dé Berlin ní ọdún 1880.

Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù ka ikọ́ ife sí àrùn àjogúnbá: baba wúkọ́, ọmọ wúkọ́, wọn a ní ti ìdílé wọn ni. Kòkòrò náà ṣòro í rí, nítorí aró kì í tètè mú un. Koch ń dán aró kan wò tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi rí i bí ọ̀pá wẹ́wẹ́ aláwọ̀ aró. Ó sìn ín nínú ìgò, ó fi í sára ẹranko, ẹranko náà sì ṣàìsàn. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Mááṣì, ọdún 1882, ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn onímọ̀ ní Berlin.

Bí ó ti gbọ́n tó, ó ṣìnà. Ní 1890 ó kéde oògùn kan, kò sì kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fi ṣe é. Àwọn aláìsàn rọ́ lọ sí Berlin; oògùn náà kò wò wọ́n sàn, àwọn mìíràn tilẹ̀ kú. Ìkánjú ni mo pe èyí. Àṣìṣe ti 1901 ni ó wúwo jù lójú mi: ní London ó sọ pé irú kòkòrò ti màlúù kò fi bẹ́ẹ̀ léwu fún ènìyàn, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọdé ń mu wàrà. Ìgbìmọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wádìí ọ̀rọ̀ náà fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì rí i pé ó léwu. Koch ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 1905, ó sì ti kú ní ọjọ́ 27 oṣù Méè, ọdún 1910, kí ìgbìmọ̀ náà tó parí iṣẹ́.

Ìbéèrè irú kòkòrò tí ó wà lára aláìsàn kò tíì tán. Kòkòrò a máa jogún àbùdá lọ́wọ́ èyí tí ó bí i, bí ọmọ ìdílé kan ti í kọ ilà kan náà. Ní 1968 a ṣàlàyé irú kan tí a rí ní Dakar, tí ó jẹ́ ti Áfíríkà. Ẹ̀ka rẹ̀ kan wà ní Benin àti Nàìjíríà. Ní 1998 a ka àbùdá kòkòrò ikọ́ ife já, ó lé ní àmì mílíọ̀nù mẹ́rin. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń wúkọ́ ní Ìlaròó, tí ẹlòmíràn ń wúkọ́ ní Pobè, tí ilà kòkòrò àwọn méjèèjì sì bára mu, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yóò wá ibi tí wọ́n ti lè pàdé: ọjà ni, ọkọ̀ ni, tàbí ilé òkú. Bí ilà náà bá yàtọ̀, wọn yóò wá orísun ti olúkúlùkù lọ́tọ̀.