Ìtàn Ìgbésí Ayé Dúró Ládiípọ̀

Ǹjẹ́ ìwọ òǹkàwé mi mọ̀ pé láti Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Olúpọ̀nnà wa níbí, ni ọkùnrin kan ti gbé ìlù bàtá dé ilẹ̀ Jámánì? Dúró Ládiípọ̀ ni. A bí i ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, ọdún 1931. Òṣìṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún ìbílẹ̀, ijó àti ewì Yorùbá ni ọkàn ọmọ náà fà sí. Nígbà tí ó dàgbà, ó ṣe iṣẹ́ tíṣà.

Ní 1961, ó ṣe orin Àjíǹde fún ìjọ, ó sì fi ìlù Yorùbá sí i. Àwọn kan nínú ìjọ bínú. Lójú tiwọn, ìlù abọ̀rìṣà kò yẹ ilé Ọlọ́run. Kí ni ìwọ ìbá ṣe? Dúró kò ju ìlù sílẹ̀. Ibòmíràn ni ó gbé e lọ. Ní 1962, òun àti Ulli Beier dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo. Nínú ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, òun ni ó ń kọ eré, tí ó ń ṣètò orin àti ijó. Nínú Ọba Kò So, òun fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó. Wọ́n ṣe eré náà ní Berlin ní 1964, àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965.

Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, 1978, ní ẹni ọdún 46. Nítorí náà, ọ̀dọ́, bí ilé bá kọ ẹ̀bùn rẹ, má ṣe sọ ọ́ nù.