Joseph Whitworth àti Ìlà Ara Bóòtù

Ọdún 1803 ni wọ́n bí Joseph Whitworth ní Stockport, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìrànwú ìbátan rẹ̀ kan. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ni ó fẹ́ràn jù.

Ẹ wo bóòtù kẹ̀kẹ́: ìlà yí i ká. Orí ìlà yìí ni nọ́ọ̀tì ń gbà wọlé. Láyé ìgbà náà, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń gé ìlà bó ṣe wù ú. Bí nọ́ọ̀tì kan bá sọ nù, ti ṣọ́ọ̀bù mìíràn kì í bá bóòtù náà mu. Wàhálà nìyẹn!

Whitworth kó bóòtù jọ láti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó sì wọ̀n wọ́n. Ní ọdún 1841, ó sọ iye ìlà tí ó yẹ kí bóòtù kọ̀ọ̀kan ní. Díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á. Ó kú ní ọdún 1887.

Ìlà ti ilẹ̀ Faransé yàtọ̀. Mílímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọkọ̀ Faransé wà ní Pobè àti Sakété, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sì lè ti Nàìjíríà wá, nítorí ibẹ̀ kò jìnnà. Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì. Bí ó bá há, á yọ ọ́, á ka ìlà rẹ̀. Bí ó bá fi sípánà fipá mú un, ìlà náà á jẹ, táyà ọkọ̀ sì lè yọ lójú ọ̀nà.