Hermann Muller: Jíìnì, ìwọ̀n rẹ̀ àti ipò tó wà

Ẹ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n jù kalẹ̀ nínú yàrá yín ní Alábàtà níbí, kó tó dọjọ́ kejì, eṣinṣin kéékèèké olójú pupa á ti bò ó. Ilẹ̀ Áfíríkà ni irú eṣinṣin yìí ti ṣẹ̀ kó tó bá èèyàn rìn káàkiri ayé. Àwa ń lé e dànù, àmọ́ Hermann Joseph Muller sìn ín títí tó fi gbọ́ ohun tó ń sọ.

New York ni wọ́n ti bí Muller, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1890. Ọmọdé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló wọ Yunifásítì Columbia. Ibẹ̀ ló ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Thomas Hunt Morgan, àwọn tó fi eṣinṣin yìí fi hàn pé orí krómósómù ni jíìnì tí ọmọ ń jogún tò sí. Lọ́dún 1927, nígbà tó ń kọ́ni ní Texas, ó kéde pé ìtànṣán X-ray máa ń yí jíìnì padà.

Ohun méjì tó rí lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí n kọ ìtàn yìí. Àkọ́kọ́ ni ipò. Lọ́dún 1930 ó ròyìn àwọn eṣinṣin tí ojú wọn pupa lápá kan, tó funfun lápá kan. X-ray ti gé krómósómù wọn, ó sì ti tún lẹ̀ mọ́ ibòmíì. Jíìnì tó ń mú ojú pupa kò bàjẹ́, ibùgbé rẹ̀ ló yí padà. Ó wá yé àwọn onímọ̀ lẹ́yìn náà pé krómátínì, ìyẹn jíìnì pẹ̀lú àwọn purotéènì tó wé mọ́ ọn, ki jù níbi tí jíìnì náà bọ́ sí, ìyẹn ló pa á lẹ́nu mọ́. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè mọ ìpàrójẹ: nínú “rẹran”, fáwẹ̀lì “rà” ti sọnù nítorí ẹni tó jókòó tì í, àmọ́ nínú “rà á”, ó tún jáde.

Ìkejì ni ìwọ̀n. Abo eṣinṣin ní krómósómù X méjì, akọ ní ẹyọ kan. Muller wo jíìnì kan tó ń mú ojú ní àwọ̀ ọsàn rẹ́súrẹ́sú: bó bá fi ẹ̀dà rẹ̀ kún un, àwọ̀ á pọ̀ sí i, síbẹ̀ akọ oníkan àti abo oníméjì jọra. Lọ́dún 1932 ó pè é ní dosage compensation, tí a lè pè ní dídí àlàfo ìwọ̀n. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó rí i pé àwọn purotéènì kan máa ń lẹ̀ mọ́ X akọ, wọ́n á tú krómátínì rẹ̀ sílẹ̀, ẹyọ kan á sì ṣiṣẹ́ méjì.

Òun náà ò dúró lójú kan. Lọ́dún 1932 ó lọ sí Berlin. Nígbà tí Hitler gbàjọba, Nikolai Vavilov pè é sí Rọ́ṣíà, ó sì lọ, torí ó gba ìjọba àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́. Àmọ́ Lysenko àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń gbógun ti ìmọ̀ jíìnì, Muller sì ta kò wọ́n ní gbangba lọ́dún 1936. Wọ́n pa Izrail Agol àti Solomon Levit, tí wọ́n ti bá a ṣiṣẹ́ ní Texas. Vavilov kú sẹ́wọ̀n lọ́dún 1943. Muller ti kúrò lọ́dún 1937, ó gba Sípéènì dé Edinburgh, ó sì padà sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1940. Iṣẹ́ X-ray ló fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1946.

Ó ní àléébù. Nínú ìwé tó kọ lọ́dún 1935, ó fẹ́ kí wọ́n máa fi àtọ̀ àwọn ọkùnrin olókìkí bímọ, èrò yìí ò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dún 1939, òun àti àwọn onímọ̀ míì fọwọ́ sí ìwé kan ní Edinburgh pé a ò lè mọ ẹni tí àjogúnbá rẹ̀ sàn jù, àfi bí ìgbé ayé bá dọ́gba fún gbogbo èèyàn. Ìwé yẹn ló bá ohun tí eṣinṣin rẹ̀ sọ mu.

Indianapolis ló kú sí, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 1967. Nínú kíláàsì tiwa, ẹnì kan ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kàwé, ẹlòmíì ní jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí èsì ìdánwò bá jáde, ká tó sọ pé orí ọ̀kan pé ju ti èkejì lọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í níbi tó ti kàwé.