Aristotle àti Èrò tí a kò Sọ Jáde

Ní ọdún 384 ṣáájú ìbí Jésù ni a bí Aristotle ní ìlú Stagira, ní apá àríwá ilẹ̀ Gíríìkì. Nicomachus, baba rẹ̀, jẹ́ oníṣègùn ọba Makedóníà. Nígbà tí ó tó ọmọ ọdún 17, ó lọ sí Áténì láti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Plato, ó sì lo 20 ọdún níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di olùkọ́ Alexander, ọmọ ọba Makedóníà. Ní 335, ó padà sí Áténì, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, Lyceum, sílẹ̀.

Aristotle ṣe àkíyèsí pé olùsọ̀rọ̀ kì í sábà sọ gbogbo ohun tí àwíjàre rẹ̀ dúró lé. Bí ó bá ní Dorieus borí nínú ìdíje Òlíḿpíìkì, kò nílò láti fi kún un pé adé ni ẹ̀bùn ibẹ̀. Olùgbọ́ ti mọ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, inú rẹ̀ ni yóò ti di odindi.

Ṣùgbọ́n ààbọ̀ tí a kò sọ lè jẹ́ irọ́. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìṣèlú, Aristotle fúnra rẹ̀ ní bí ọkàn ṣe ń darí ara, bẹ́ẹ̀ ni ó tọ́ kí olóye máa darí ẹni tí ìṣẹ̀dá rẹ̀ jẹ́ ti ẹrú. Èrò tí ó fara sin níbẹ̀ ni pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà. Ó mọ̀ pé àwọn kan ń jiyàn pé ipá àti òfin ni ó ń sọ ènìyàn di ẹrú, síbẹ̀ kò yí ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Nígbà tí Alexander kú ní 323, tí ará Áténì dìde sí Makedóníà, Aristotle sá lọ sí Chalcis. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní 322. Nínú ìwé ìhágún tí a mọ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀, ó ní kí a má ta àwọn ẹrú tí ó ń ṣe ìránṣẹ́ fún un, kí a dá wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá dàgbà tí ó sì tọ́ sí wọn. Bí ẹrú bá jẹ́ ẹrú láti inú ìṣẹ̀dá, báwo ni ìwé ṣe lè sọ ọ́ di òmìnira?

Ọ̀rọ̀ náà kò bá a wọ sàárè. Ní Valladolid, ní ilẹ̀ Sípéènì, ní 1550, Sepúlveda gbé e dìde láti fi dá ogun tí wọ́n gbé ti àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà láre. Las Casas sì takò ó.

Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti bi gbogbo àwíjàre léèrè: kí ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ kí èyí tó lè dúró?